Páànù Kọ́ Ni Àdìrẹ: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Orin Géèmù Àtijọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ olórin àti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ní Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti Láfẹ́nwá wá, ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Àdàtán, ẹ kú ọ̀nà. Ìtòkú la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò dájú pé ẹnikẹ́ni jókòó síbí tí kò tíì gba iwájú ìsọ̀ aládìrẹ kọjá rí.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi páànù ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ níhìn-ín. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e lé aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra ojú ihò rẹ̀, wọ́n á ká páànù kúrò, wọ́n á sì rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Bí ẹnìkan bá wá gbé páànù nìkan lé yín lọ́wọ́, tó ní "àdìrẹ rèé," ẹ ó sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ kò sí níbẹ̀, aró kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló gbé fún yín.

Páànù ni fáìlì orin géèmù àtijọ́. MP3 ni aṣọ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti sá, tí wọ́n ti lù tán. Ibi yòówù kí ẹ gbé e dé, àwọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n fáìlì SPC, NSF tàbí VGM, tí wọ́n jẹ́ irú fáìlì orin géèmù mẹ́ta, àṣẹ ló wà nínú rẹ̀: gbé ohùn yìí sókè, dá ìyẹn dúró, mú ìlù wọlé báyìí. Ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń mú àṣẹ wọ̀nyẹn ṣẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kò sí lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé òun ni. Gbogbo àṣìṣe tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, orí kókó yìí ló dúró lé: ta ló ń po aró, ṣé aró tó tọ́ sí páànù yẹn ló sì pò?

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, bí wọ́n bá ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni kí a ṣe jẹ́ ẹ. Áàpù tó bá fi tirẹ̀ kún un ti ba orin jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí páànù ṣe fúyẹ́ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Fáìlì SPC kan, ti Super Nintendo, báìtì 66,048 ni. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ bá sọ di WAV, 44,100 Hz (ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bit 16, ọ̀tún àti òsì, báìtì 31,752,000 ni. Ẹ fi ọ̀kan pín èkejì: àyè tí WAV ẹyọ kan gbà, fáìlì SPC 480 ló máa wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ń ra dátà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ti ń làágùn tí ẹ bá ṣí fídíò sì lè kọ SPC láìsí wàhálà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ẹ̀rọ náà fúnra wọn.

Famicom ti Nintendo jáde ní Japan ní 1983. Òun náà ni wọ́n sọ di NES nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Ohùn 5 péré ló ní, inú ṣíìpù 2A03 tí Ricoh ṣe ni wọ́n wà: pulse méjì, triangle kan (orúkọ ìrísí ìgbì ìró ni méjèèjì), ariwo kan, àti DPCM, tó ń kọ ìró tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Triangle kò ní ibi tí a ti lè yí i sókè tàbí sílẹ̀. Nínú kó ké àti kó dákẹ́, ọ̀kan ló máa ṣe. Òun sì ni wọ́n máa ń fi ṣe báàsì. Ìdí nìyẹn tí báàsì inú ọ̀pọ̀ orin NES fi dúró gbọn-in lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Super Nintendo, tó jáde ní 1990, gba ọ̀nà mìíràn. Ken Kutaragi ti Sony ló ṣe apá ìró rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ́tọ̀ sì ni: ọpọlọ tirẹ̀ ni SPC700, mẹ́mọ̀rì tirẹ̀ jẹ́ 64 KB, S-DSP, ṣíìpù tó ń mú ìró jáde, sì ń kọ ohùn 8 pa pọ̀ ní 32,000 Hz. Ìró fèrè, ìlù, gìtá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fún pọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní BRR: sample 16 (ìwọ̀n ìró lójú ẹsẹ̀ kan ni sample) wọnú báìtì 9. 64 KB yẹn ni gbogbo wọn jọ ń pín. Ẹ tún fi echo kún un, irú ohùn tó ń padà wá bá ẹni tó bá kígbe lẹ́bàá Olúmọ. Fún ìdádúró ms 16 kọ̀ọ̀kan (ms jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), echo ń gba 2 KB nínú mẹ́mọ̀rì náà. Olórin tó bá fẹ́ kí echo rẹ̀ pẹ́ tó ms 240, tí í ṣe òpin rẹ̀, ti fi 30 KB sílẹ̀ nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ orin SNES tí echo rẹ̀ jinlẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti yọ nǹkan mìíràn kúrò kí ìyẹn lè ráyè.

Mega Drive ti Sega, 1988, ní YM2612 ti Yamaha, ohùn FM 6 (FM níbí ni fífi ìgbì ìró kan yí òmíràn padà), pẹ̀lú SN76489 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ohùn square 3 àti ariwo 1. Game Boy, 1989, ohùn 4. PlayStation, 1994, ohùn 24 àti mẹ́mọ̀rì ìró 512 KB.

Bí ẹ̀rọ ṣe yàtọ̀ ni páànù ṣe yàtọ̀. NSF, fún NES, jẹ́ apá tó ń kọ orin nínú géèmù náà gan-an, tí wọ́n gé jáde tí wọ́n sì fi orí (header) báìtì 128 lé. Fáìlì kan ló máa ń gbé orin odindi géèmù. Báìtì tó wà ní ipò 6, bí a bá kà láti òdo, ló ń sọ iye rẹ̀. GBS ti Game Boy jọ ọ́. SPC ní tirẹ̀ jẹ́ àwòrán mẹ́mọ̀rì: wọ́n dá SNES dúró lójú ẹsẹ̀ tí orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì da 64 KB yẹn kọ pẹ̀lú ohun tó wà nínú S-DSP. Orin kan, fáìlì kan. Bí ẹ bá rí RSN, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì: RAR tó kó SPC púpọ̀ sínú ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà.

VGM ló rọrùn jù láti fi ojú rí, nítorí àkọsílẹ̀ ohun tí géèmù ń sọ fún ṣíìpù ni. Ẹ wo báìtì wọ̀nyí, tí a kọ ní hex, òǹkà tó ń lo ìdì 16:

52 28 F0
62
52 28 00
66

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí YM2612 tẹ ohùn kìíní. Ìlà kejì ní kó dúró fún sample 735. VGM ń ka 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 735 jẹ́ ìdá kan nínú 60. Ìlà kẹta ní kó gbọ́wọ́ kúrò. Ìlà kẹrin ní ó tán. Orin Mega Drive yòówù kó jẹ́, bí ó ṣe rí nínú VGM nìyẹn. VGZ jẹ́ VGM tí wọ́n fi gzip fún pọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin.

Lórí Windows, VLC tí ọ̀pọ̀ yín ti ní tẹ́lẹ̀ mọ SPC, NSF, GBS, VGM àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Inú rẹ̀ ni libgme wà, àkójọ kóòdù tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù, iṣẹ́ Shay Green, tí ayé mọ̀ sí blargg. Ẹ ṣí VLC, ẹ fa fáìlì náà ju sínú rẹ̀. Fún NSF tó ní orin púpọ̀, ẹ lọ sí Playback, lẹ́yìn náà Title, ẹ ó sì rí orin kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ fáìlì SPC lẹ́ẹ̀mejì nínú Windows kí ẹ tó yan áàpù fún un. Windows ti fi orúkọ .spc mọ irú ìwé ẹ̀rí ààbò kan, yóò sì gbìyànjú láti ṣí orin yín bí ìwé ẹ̀rí, yóò ní kò dára. Kò sí ohun tó ṣe fáìlì náà. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí rẹ̀, ẹ yan Open with, ẹ fi VLC tàbí foobar2000 (pléyà mìíràn) hàn án, ẹ sì ní kó máa lo ìyẹn nígbà gbogbo.

VLC tó fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́. Fún ẹni tó fẹ́ tò ó létòlétò, foobar2000 la máa dá lábàá. Ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá fa foo_gep, àfikún tó ń jẹ́ kó mọ orin géèmù, wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí File, Preferences, Components, ẹ tẹ Install, ẹ yan fáìlì náà, ẹ tẹ Apply, áàpù á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí foo_gep kò bá wọlé, ẹ wo bóyá foobar2000 yín jẹ́ ti 64-bit tí ohun tí ẹ fà wálẹ̀ sì jẹ́ ti 32-bit àtijọ́. Méjèèjì kì í bára wọn ṣe. Tó bá ti wọlé, NSF kan ṣoṣo á tú sílẹ̀ sínú àtòkọ yín, orin kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀.

Lórí Ubuntu tàbí Debian, ẹ fi pléyà Audacious sórí rẹ̀:

sudo apt install audacious audacious-plugins

Ẹ ṣí sẹ́tìńgì Audacious, ẹ lọ síbi Plugins, Input, kí ẹ rí i pé Game Console Music Decoder ti ní àmì. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan bass, treble àti echo tó wà nínú sẹ́tìńgì rẹ̀. Echo tí olórin fẹ́ ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún da tiyín lé e, aró méjì lẹ dà pọ̀.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù rèé, nítorí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bára wọn jiyàn. Ẹnìkan á ní orin yìí yá ju bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ní kékeré lọ. Ẹlòmíràn á ní bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń rí. Òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

NES ti Japan àti Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé NTSC, ìlànà tẹlifíṣàn kan. Aago ọpọlọ rẹ̀ ń lù ní 1,789,773 Hz, àwòrán rẹ̀ sì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Yúróòpù ń tẹ̀ lé PAL: 1,662,607 Hz, ìgbà 50. PAL náà ni tẹlifíṣàn ilẹ̀ wa ń lò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohùn kan ṣoṣo. Ká ní olórin kọ nọ́ńbà 253 fún pulse. Ẹ̀rọ á fi 1 kún un, á di 254. Á sọ ọ́ di ìlọ́po 16, á di 4,064. Á wá fi ìyẹn pín aago rẹ̀. Lórí NTSC, 440.4 Hz ló máa bọ́ sí, ìyẹn A tí gbogbo olórin fi ń yí ohun èlò wọn. Lórí PAL, nọ́ńbà 253 kan náà á di 409.1 Hz. Ó ti wálẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ kan lọ lórí dùùrù. Ní ti ìyára, géèmù ń pe orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun tó gba ìṣẹ́jú àáyá 60 lórí NTSC á gba 72 lórí PAL. Ó falẹ̀, ó sì tún wálẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí PAL wà, ayédèrú ẹ̀rọ tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì Famicom ló wọlé àwọn èèyàn. Irú rẹ̀ kan wà tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pè ní Dendy, tí aago rẹ̀ jẹ́ 1,773,448 Hz, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹ fi 4,064 pín in: 436.4 Hz. Ohùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá, ṣùgbọ́n orin ń fà. Ẹni tó bá dàgbà sídìí irú ẹ̀rọ yẹn, tó wá gbọ́ NSF lórí kọ̀ǹpútà, ó dájú pé yóò sọ pé wọ́n ti ń lé orin náà ní eré. Kò purọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tí pléyà yín ń ṣe nìyí. Ẹ ṣí áàpù tí wọ́n fi ń yí gìtá lórí fóònù, ẹ gbé e sí ẹnu sípíkà níbi tí ohùn kan ti dúró pẹ́, ẹ ka nọ́ńbà. Bí orin bá falẹ̀ tí ohùn sì wálẹ̀, PAL ni. Bí ó bá falẹ̀ tí ohùn kò yẹ̀, Dendy ni. Lẹ́yìn náà ẹ fi xxd, àṣẹ tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, bi fáìlì fúnra rẹ̀:

xxd -s 122 -l 2 orin.nsf

Báìtì àkọ́kọ́ tó bá jáde, 00 ni NTSC, 01 ni PAL, 02 ni méjèèjì. NSFPlay lórí Windows jẹ́ kí ẹ yan NTSC, PAL tàbí Dendy fúnra yín. Ohun tí ẹ bá fẹ́ràn ni kí ẹ yàn. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí olórin tó wà ní Japan gbọ́ nígbà tó ń kọ ọ́, NTSC ni.

Báìtì kejì nínú àbájáde yẹn ṣe pàtàkì fún ohun mìíràn. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì Famicom kan ní ṣíìpù ìró tiwọn nínú, tó ń fi ohùn kún 5 tí ẹ̀rọ ní. 01 ni VRC6 tí Konami ṣe, ohùn pulse méjì àti sawtooth kan. 02 ni VRC7, FM ni. 04 ni ti Famicom Disk System, 08 ni MMC5, 10 ni Namco 163, 20 ni Sunsoft 5B. Àwọn ẹ̀dà libgme àtijọ́ mọ VRC6, Namco àti Sunsoft. Wọn kò mọ VRC7, wọn kò sì mọ Disk System. Tí orin bá ń lọ ṣùgbọ́n tí ohùn tó ń darí rẹ̀ kò sí, bí ìgbà tí ìlù ń dún tí olórin kò yọjú, ẹ wo báìtì yìí kí ẹ tó sọ pé fáìlì ti bàjẹ́. NSFPlay mọ gbogbo wọn.

Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí VGM náà. VGM lè gbé àkọsílẹ̀ ṣíìpù púpọ̀, títí kan ti ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sílé ìtajà, ṣùgbọ́n SN76489, YM2612 àti YM2413 ni libgme mọ̀ dáadáa. Bí VGM bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú VLC tí aago ìṣẹ́jú ṣì ń sáré, ẹ gbé e fún VGMPlay, iṣẹ́ Valley Bell.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń rú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú: orin wọ̀nyí kì í tán. Nínú géèmù, orin gbọ́dọ̀ máa yí títí ẹni tó ń ṣeré géèmù náà yóò fi kọjá ibẹ̀, nítorí náà kò sí òpin nínú rẹ̀. Pléyà ló ń pinnu ibi tó máa gé e. NSF lásán kò ní àyè fún gígùn orin rárá. NSFe ní, tàbí kí ẹnìkan ti kọ fáìlì m3u, ìyẹn àtòkọ orin, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí libgme kò bá rí gígùn, ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ ló máa ń lò. Nítorí náà bí gbogbo orin inú NSF yín bá jẹ́ 2:30 gẹ́lẹ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn o; àbá ni pléyà dá. VGM sàn jù níbi yìí, nítorí ó kọ ibi tí orin ti ń padà bẹ̀rẹ̀ sínú orí rẹ̀.

SPC ní àyè fún un. Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú ojú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, lẹ́yìn náà:

xxd -l 33 orin.spc
xxd -s 169 -l 8 orin.spc

Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn yín pé "SNES-SPC700 Sound File Data v0.30". Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, fáìlì náà kì í ṣe SPC, orúkọ yòówù kó jẹ́. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá dín sí báìtì 65,920, ó ti ṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ tún un fà wálẹ̀. Èkejì á fi nǹkan báyìí hàn:

3132 3031 3030 3030  12010000

Ẹ kà á láti òsì: 120 ni ìṣẹ́jú àáyá tí orin máa lò, 10000 ni ms tí yóò fi máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ẹ bá fẹ́ kó di ìṣẹ́jú mẹ́ta:

printf '180' | dd of=orin.spc bs=1 seek=169 conv=notrunc

Ẹ má gbàgbé conv=notrunc. Láìsí i, dd á gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ibi tó kọ sí, fáìlì yín á ṣẹ́ ku báìtì 172, orin á sì lọ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ ṣe ẹ̀dà. Bí àbájáde xxd kò bá sì fi nọ́ńbà tó ṣe é kà hàn, ẹ má kọ nǹkan síbẹ̀ báyìí: SPC kan wà tó ń kọ àyè yìí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà dípò lẹ́tà. Irú ìyẹn, ẹ yí gígùn rẹ̀ padà nínú sẹ́tìńgì pléyà.

PSF, ti PlayStation, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń dé bá ẹni gbogbo. Neill Corlett ló dá irú fáìlì yìí sílẹ̀, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì ti gbà á lò: USF fún Nintendo 64, GSF fún Game Boy Advance, 2SF fún Nintendo DS. Nítorí pé orin inú géèmù kan máa ń lo ìró kan náà, wọ́n kó ìró àti apá tó ń kọ orin sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí psflib, wọ́n wá ṣe minipsf kéékèèké fún orin kọ̀ọ̀kan. Minipsf láìsí psflib ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp á yan minipsf nìkan torí pé ó fúyẹ́, ọ̀rẹ́ á ní kò ṣí. Odindi fódà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ mọ psflib tí ó ń béèrè:

tail -c 300 orin.minipsf

Nínú ọ̀rọ̀ tó bá jáde, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ _lib= sí. Lórí Linux, bí wọ́n bá kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré níbẹ̀ tí fáìlì inú fódà sì jẹ́ lẹ́tà ńlá, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ẹ yí orúkọ fáìlì padà kó bá ohun tí wọ́n kọ mu. VLC kò ní kọ PSF fún yín. Lórí foobar2000, foo_psf ni kí ẹ fi sí i. Àwọn géèmù orí díìsìkì kan sì wà tí orin wọn jẹ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, ADX tàbí BRSTM fún àpẹẹrẹ. Aṣọ nìyẹn, kì í ṣe páànù, vgmstream ló ń ṣí i.

Ẹni tó bá fẹ́ lo orin nínú fídíò tàbí kó gbé e sórí fóònù ní láti sọ ọ́ di WAV tàbí MP3. ffmpeg, áàpù tó ń yí irú fáìlì ìró padà, lè ṣe é bí wọ́n bá kọ́ ọ pẹ̀lú libgme. Ẹ wádìí:

ffmpeg -demuxers | grep gme

Bí libgme bá jáde, ó wà. Tí kò bá sí ohun tó jáde, ffmpeg yín kò mọ orin géèmù, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn. Fún orin karùn-ún nínú NSF:

ffmpeg -track_index 4 -i orin.nsf -t 180 -af "afade=t=out:st=170:d=10" orin5.wav

4 la kọ fún ìkarùn-ún nítorí pé láti òdo ló ti ń kà. -t 180 ló ń dá a dúró. Ẹ má yọ ọ́, nítorí orin tí kò ní òpin á máa kún díìsìkì yín títí tí ẹ ó fi pa á. afade ń mú un lọ sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá 170. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá ni pé orin wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n ti pẹ́ o, wọn kò tíì di ti gbogbo ayé. Fídíò tí ẹ bá fi wọ́n sí tí ẹ sì gbé sórí YouTube, wọ́n lè fi ẹ̀tọ́ wọn dè é.

Ó ku ohùn tó ń sọnù lórí sípíkà. SNES gbà kí olórin fi nọ́ńbà òdì sí ìwọ̀n ohùn apá kan. Ohùn náà á máa jáde lọ́tùn-ún, òdìkejì rẹ̀ á máa jáde lósì, etí á gbọ́ ọ bí ẹni pé ó yí èèyàn ká. Ó dùn gan-an nínú ẹ́afóònù. Ṣùgbọ́n sípíkà Bluetooth tó jẹ́ ẹyọ kan, tàbí sípíkà tí wọ́n so ọ̀tún mọ́ òsì bíi ti ibi ìnáwó, á da méjèèjì pọ̀. Òdì á pa òdì, fèrè tó ń darí orin á sì pòórá pátápátá. Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó gbé orin lọ síbikíbi:

ffmpeg -i orin.spc -t 60 -af "pan=mono|c0=0.5*c0+0.5*c1" danwo.wav

Ẹ fi ẹ́afóònù gbọ́ orin.spc, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ danwo.wav. Tí ohùn kan bá wà nínú àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì, òun nìyẹn. Fún sípíkà ẹyọ kan, apá òsì nìkan ni kí ẹ mú:

ffmpeg -i orin.spc -t 180 -af "pan=mono|c0=c0" sipika.wav

Ohun tó bá wà lọ́tùn-ún nìkan kò ní wọlé, àmọ́ fèrè yín á padà. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín nísinsìnyí, SPC mẹ́ta wà nínú fódà tí a pín fún yín, ọ̀kan nínú wọn ní ohùn tó ń pòórá. Ẹ wá a rí.